Bí Ẹ Ó Ṣe Kọ Eré Ẹ̀rín Ará Oko Tó Wọṣẹ́ Ṣójà, Tí Kò Fi Ní Sú Èèyàn Kó Tó Parí

Eré yìí rọrùn lójú. Ọmọ oko kan wà tí kò mọ nǹkan kan, wọ́n kó o lọ sí bárékè, sájẹ́ǹtì ń pariwo mọ́ ọn, òun náà ń ṣe gbogbo nǹkan lódìlódì. Ẹgbẹ́ eré wo ni kò tíì gbìyànjú rẹ̀ rí? Àwọn ọmọ iléèwé ń ṣe é, àwọn ọ̀dọ́ ṣọ́ọ̀ṣì ń ṣe é lópin ọdún. Ìṣẹ́jú márùn-ún àkọ́kọ́ máa ń dùn. Tó bá yá, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ fóònù.

Mo ti jẹ nínú ìyà rẹ̀. Ní gbọ̀ngán iléèwé kan, mo jẹ́ kí ọmọ oko mi ṣubú ní ìgbà mọ́kànlá. Ẹ̀ẹ̀mẹta péré ni wọ́n rẹ́rìn-ín. Nígbà tó ṣubú lẹ́ẹ̀kẹjọ, ìyá kan tó jókòó níwájú yíjú sí ẹnìkejì rẹ̀, ó ní, "Àbí ara ọmọ yìí ò yá ni?" Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ ibi tí mo ti ṣìnà. Mo ti fi ará oko ṣe òmùgọ̀, òmùgọ̀ kì í sì í pẹ́ sú èèyàn. Ará oko tó ń pa èèyàn lẹ́rìn-ín gbọ́n dáadáa. Òfin ilé rẹ̀ ló ń tẹ̀ lé, ó kàn jẹ́ pé ibi tí wọn ò ti mọ òfin yẹn ló ti ń tẹ̀ lé e ni.

Àpẹẹrẹ kan ṣoṣo ni màá lò títí a ó fi dé ìparí: eré ìṣẹ́jú 25, ọdún 1943, nígbà Ogun Hítílà, tí wọ́n ń kó àwọn ọmọ wa lọ sí Bọ́mà (Myanmar òde òní). Àdìgún wá láti abà kòkó kan lẹ́yìn Ìkirè. Abẹ́òkúta ni wọ́n ti ń kọ́ ọ níṣẹ́ ogun. Tiyín lè jẹ́ òde òní, ṣùgbọ́n ẹ ó rí i láìpẹ́ pé ayé àtijọ́ ń gbà yín lọ́wọ́ wàhálà púpọ̀.

Ohun tí ẹ ó kó jọ

Òṣèré márùn-ún: Àdìgún, sájẹ́ǹtì, ọ̀gá òyìnbó kan tí kò ní sọ ju ọ̀rọ̀ díẹ̀ lọ, àti rikurúùtù méjì, ìyẹn ọmọ ogun tuntun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ níṣẹ́. Ṣòkòtò kákí péńpé márùn-ún, láìsí ààmì kankan lára rẹ̀. Igi gígùn mẹ́rin tí ẹ ó fi ṣe ìbọn. Fèrè kan, abọ́ táńganran, ife, aṣọ ìnura, àti àpótí pákó mẹ́rin tó wúwo lóòótọ́. Ẹ wá ṣójà kan tó ti fẹ̀yìn tì tó lè fún yín ní ọ̀sán méjì, kẹ́ ẹ sì wá ìyá àgbà kan tó dàgbà sí abà. Àwọn méjì yìí ṣe pàtàkì ju owó lọ.

Ẹ ṣọ́ra gan-an níbí. Òfin Nàìjíríà kò fàyè gba ará ìlú láti wọ aṣọ ológun, tàbí èyí tó jọ ọ́, láìgbàṣẹ. Aṣọ tóótòòtó aláwọ̀ ewé tí wọ́n ń tà lọ́jà yẹn, ẹ má rà á. Ẹ má fi ìbọn ìṣeré tó jọ ti gidi ṣeré lẹ́bàá títì. Ọlọ́pàá tó bá rí i láti òkèèrè kò mọ̀ pé àwàdà ni. Kákí lásán àti igi ti tó fún ọdún 1943, kò sì sẹ́ni tó máa fi yín wé ṣójà òde òní. Tó bá jẹ́ ìta gbangba lẹ fẹ́ ti ya fídíò, ẹ kọ́kọ́ mú ìwé lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá àdúgbò àti sọ́dọ̀ baálẹ̀.

Ìpele 1: Ẹ kọ òfin abà sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó kọ àwàdà kankan

Ẹ kọ nǹkan bíi mẹ́wàá tí ọmọ yìí kì í ṣe, tàbí tí kò lè ṣe kó má ṣe. Díẹ̀ nìyí lára ti Àdìgún:

- Kì í fi ọwọ́ òsì gba nǹkan, kì í sì í fi fúnni.
- Ẹnikẹ́ni tó bá rí gbọ́dọ̀ gba ìkíni, ìkíni náà sì gbọ́dọ̀ bá iṣẹ́ tó ń ṣe lọ́wọ́ mu.
- Tí àgbà bá ń bá a wí, kì í wò ó lójú.
- Kì í dá oúnjẹ jẹ láìpe ẹni tó bá a nídìí rẹ̀.
- Kì í bi àlejò lórúkọ kó tó bu omi fún un.
- Ó máa ń ṣí fìlà níwájú ẹni ńlá.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni pé àwọn akọ̀wé máa ń kọ ohun tí ọmọ oko "kò mọ̀": kò mọ iná mànàmáná, kò mọ dígí, kò mọ bàtà. Àìmọ̀ kì í ju ẹ̀rín ẹ̀ẹ̀kan lọ. Lọ́jọ́ kejì ó ti mọ̀ ọ́n. Ohun tó mọ̀ dájú, tí kò sì lè fi sílẹ̀, ni yóò máa bá a rìn títí eré á fi parí.

Bẹ́ ẹ ṣe máa mọ̀ pé ó tọ̀nà: ẹ ka àwọn òfin náà fún ìyá àgbà yẹn, ẹ má sọ fún un pé àwàdà ni. Tó bá rẹ́rìn-ín, ẹ ti bù mọ́ ọn. Tó bá mi orí, tó ní "bẹ́ẹ̀ náà ni, kí ló wá ṣẹlẹ̀?", ẹ tẹ̀ síwájú.

Ìpele 2: Ẹ so òfin kọ̀ọ̀kan mọ́ àṣẹ ológun kan

Ibí ni ẹ̀rín wà, nítorí náà ẹ má kánjú. Ẹ fi ìlà pín ìwé sí méjì. Apá ọ̀tún, òfin abà. Apá òsì, àṣẹ tí yóò ta kò ó. Sájẹ́ǹtì ní "wò mí lójú!", àbúrò kì í wo ẹ̀gbọ́n lójú. Wọ́n ní kó fi ẹsẹ̀ òsì ṣíwájú, bẹ́ẹ̀ gbogbo ohun tó jẹ́ òsì ni ìyá rẹ̀ ti ń lù ú lé lórí láti kékeré.

Ọ̀rọ̀ fìlà tiẹ̀ dára ju gbogbo wọn lọ. Nínú iṣẹ́ ogun tí a jogún lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tí kò dé fìlà kì í ṣe sàlúùtù. Àdìgún rí ọ̀gá òyìnbó, ó ṣí fìlà láti bọ̀wọ̀ fún un. Sájẹ́ǹtì ní kó ṣe sàlúùtù. Ó ṣe é, orí òfìfo. Ẹ̀ṣẹ̀ kejì nìyẹn. Wọ́n ní kó dé fìlà rẹ̀ padà. Ó wo òyìnbó, ó wo sájẹ́ǹtì, ó ní, "Níwájú wọn?" Àpọ́nlé ló fi ń dẹ́ṣẹ̀, bó bá sì ṣe ń pọ́n ọ̀gá lé tó ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń burú sí i tó.

Ẹ wo òmíràn bí mo ṣe kọ ọ́ gan-an. Òwúrọ̀ kùtù, ọjọ́ kìíní, lórí pápá:

SÁJẸ́ǸTÌ: Dáọ̀nù!
(Àdìgún dọ̀bálẹ̀ gbalaja, àyà kan ilẹ̀.)
ÀDÌGÚN: Ẹ káàárọ̀, sà.
SÁJẸ́ǸTÌ: Ọ́ọ̀pù!
ÀDÌGÚN: (Ó ṣì wà nílẹ̀.) Ẹ ò tíì dá mi lóhùn, sà.
SÁJẸ́ǸTÌ: Mo ní dìde!
ÀDÌGÚN: Ẹni tó dọ̀bálẹ̀ kì í dá dìde, sà. Wọ́n á ní a ò kọ́ mi.
(Sájẹ́ǹtì wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀.)
SÁJẸ́ǸTÌ: (Jẹ́jẹ́.) Káàárọ̀.
ÀDÌGÚN: (Ó dìde, inú rẹ̀ dùn.) Ẹ ṣeun, sà. Ilé ńkọ́?
SÁJẸ́ǸTÌ: Dáọ̀nù! Ogún! (Ìyà ni: kó lọ sílẹ̀, kó dìde, nígbà ogún.)
ÀDÌGÚN: Ogún? Àwọn àgbà wo ló tún ń bọ̀, sà?

Ẹ kíyè sí ibi tí ẹ̀rín ti bú jáde. Kì í ṣe ibi tí Àdìgún ti dọ̀bálẹ̀. Ibi tí sájẹ́ǹtì ti sọ "káàárọ̀" jẹ́jẹ́ ni. Ọmọ Yorùbá lòun náà, kò sì lè wo ẹni tó dọ̀bálẹ̀ kó má dáhùn. Òfin abà ti bá a kí ó tó mọ̀. Àwọn òǹwòran mọ̀ ọ́n lára nítorí pé àwọn náà ò ní lè ṣe kí wọ́n má dáhùn.

Ìran kejì tí mo so pọ̀ báyìí ni ti òru. Àdìgún ń ṣọ́nà. Ẹni tó bá ń bọ̀, kó ní kó dúró, kó bi í pé ta ni, kó sì gba ọ̀rọ̀ àṣírí lẹ́nu rẹ̀. Ọ̀gá òyìnbó dé. Àdìgún bu omi fún un, ó ní kó jókòó, ó bi í nípa ìrìnàjò rẹ̀, ó ní àwọn ará ilé ńkọ́. Nígbà tí ọ̀gá ti mu omi tán ló wá gbé igi ìbọn rẹ̀ dìde: "Ó dáa. Wàyí o, ta ni yín?" Ẹ má jẹ́ kó kánjú síbẹ̀. Ife omi yẹn gbọ́dọ̀ kún, kí òyìnbó mu ún tán pátápátá.

Ẹ ṣọ́ra: tí Àdìgún bá mọ̀ pé ọ̀rọ̀ òun ń pani lẹ́rìn-ín, ó ti bàjẹ́. Òṣèré tó bá ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí àwọn òǹwòran, ẹ dá a dúró. Pẹ̀lú òtítọ́ inú ni kó fi sọ ọ́, bí ẹni ń bá bàbá rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Àyẹ̀wò: ẹ tọ́ka sí ọ̀rọ̀ Àdìgún kọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ bi ara yín pé, "Ká ní abà ló wà, ṣé ó ti tọ̀nà?" Èyí tí ìdáhùn rẹ̀ bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ yọ ọ́, bó ti wù kó dùn tó.

Ìpele 3: Ẹ fún sájẹ́ǹtì ní ẹ̀rù tirẹ̀

Sájẹ́ǹtì tí kò ní iṣẹ́ ju kó máa pariwo lọ kò yàtọ̀ sí ajá tí wọ́n so mọ́ igi. Kí ló ń bà á lẹ́rù? Tiwa báyìí: ọ̀gá ń bọ̀ wá wo ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé. Tí ẹgbẹ́ bá dójú tì í, ọ̀kan nínú ìlà mẹ́ta tó wà lápá rẹ̀ á kúrò, á sì padà di kọ́púrà, ipò tó wà lábẹ́ sájẹ́ǹtì. Gbogbo ìgbà tí Àdìgún bá ṣe àṣìṣe, kó fọwọ́ kan ìlà náà. Kò gbọ́dọ̀ sọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Ọwọ́ yẹn nìkan ti tó.

Ẹ fi àṣírí kan kún un: ọmọ abà lòun náà, ó ti ń fi pamọ́ láti ọjọ́ pípẹ́. A ó lò ó níwájú.

Ẹ má ṣe mú un láti ẹ̀yà mìíràn kẹ́ ẹ lè fi èdè rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ti pọ̀ jù, ó sì ń fi ọ̀lẹ akọ̀wé hàn. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wá ibi mẹ́rin ó kéré tán tí yóò ti sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Ariwo tí kò dáwọ́ dúró ń di etí, kì í dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni mọ́.

Àyẹ̀wò: ẹ yọ Àdìgún kúrò nínú ìwé eré. Ṣé sájẹ́ǹtì ṣì ní ohun tó ń lé? Tí kò bá ní, ẹ padà sẹ́yìn.

Ìpele 4: Kí àṣìṣe kọ̀ọ̀kan wọ́n ju ti ìṣáájú lọ

Ìpele yìí kúrú. Àṣìṣe àkọ́kọ́, òógùn Àdìgún nìkan ló ná. Ìkejì, gbogbo ẹgbẹ́ kò jẹun alẹ́. Ìkẹta, sájẹ́ǹtì jìyà lọ́wọ́ ọ̀gá. Ìkẹrin ti kan ọjọ́ Sátidé fúnra rẹ̀. Mẹ́rin ti tó fún ìṣẹ́jú 25. Tó bá di mẹ́jọ, ẹ ti padà sí mọ́kànlá tèmi nìyẹn.

Àyẹ̀wò: ẹ pààrọ̀ ipò ìran kejì àti ìkẹta. Bí eré bá ṣì ń lọ bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀, àṣìṣe yín ò tíì máa gun òkè bí ẹni gun àkàbà.

Ìpele 5: Gẹ̀ẹ́sì létí ọmọ Ìkirè, àmọ́ kó má ju mẹ́ta lọ

Àṣẹ ológun máa ń dà bí Yorùbá létí ẹni tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Sájẹ́ǹtì ní "Họ́ọ̀tì!", kí wọ́n dúró. Àdìgún gbọ́ "ọtí", ó ń wo ẹ̀yìn bóyá wọ́n ti ń gbé e bọ̀. Sájẹ́ǹtì ní "Àsìyúwà!", kí wọ́n padà síbi tí wọ́n wà tẹ́lẹ̀. Àdìgún gbọ́ "Àṣẹ yó wà", ó dáhùn pé, "Àṣẹ!", bí ẹni wà nídìí àdúrà. Àwọn tó kù náà sì dáhùn.

Ó dùn láti kọ, ìdí nìyẹn tí àwọn èèyàn fi ń kún inú eré bámúbámú pẹ̀lú rẹ̀. Mẹ́ta péré. Kí ẹ̀kẹta jẹ́ ibi tí sájẹ́ǹtì fúnra rẹ̀ ti ṣi ọ̀rọ̀ sọ: níwájú ọ̀gá, ó ṣí ẹnu láti pe "Họ́ọ̀tì", "Ọtí!" ló jáde. Ẹ ṣọ́ra kó má wáyé kí wọ́n tó gbọ́ èyí àkọ́kọ́ dáadáa, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ kò ní yé ẹnikẹ́ni.

Ìpele 6: Ibi tí abà ti gba bárékè sílẹ̀

Tí ará oko bá kàn ń ṣe é lódì títí dé òpin, àánú rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe àwọn òǹwòran. Nǹkan kan gbọ́dọ̀ wà tí òun nìkan mọ̀, kó sì jẹ́ ohun tí ogun náà nílò ní tòótọ́. Ẹ má lo oògùn, ẹ má lo àyẹ̀ta. Gbogbo ènìyàn ló ń lò ó.

Ìtàn gidi ló fún mi ní tèmi. Dífísọ́nù 81 ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ẹgbẹ́ ọmọ ogun ńlá kan tó dé Íńdíà lọ́dún 1943, gba àfonífojì Kaladan ní Bọ́mà kọjá níbi tí mọ́tò ò ti rọ́nà gbà. Orí ni wọ́n fi ru ẹrù ogun. Orí! Ta ló wá mọ iṣẹ́ yẹn ju ọmọ tó ti ń ru kòkó láti ọmọ ọdún mẹ́fà?

Ọjọ́ Sátidé dé. Àpótí ọta mẹ́rin wà nílẹ̀. Àwọn yòókù ń fi ọwọ́ gbé tiwọn, wọ́n ń fi èjìká gbé e, ó ń já bọ́. Àdìgún mú aṣọ ìnura rẹ̀. Ó na án, ó lọ́ ọ, ó wé e mọ́ ìka mẹ́rin lẹ́ẹ̀mejì, ó ki ìdí rẹ̀ bọ àárín, ó gbé e ka orí. Ó gbé àpótí lé e. Ó ju ọwọ́ méjèèjì sílẹ̀, ó yan lọ, àpótí ò mì.

Ọ̀GÁ: Kí nìyẹn?
SÁJẸ́ǸTÌ: (Ó ń fọwọ́ kan ìlà apá rẹ̀.) Òṣùká ni, sà. A... a máa ń kọ́ wọn.

Ẹ jẹ́ kó pa irọ́ yẹn. Nírọ̀lẹ́, nígbà tí pápá ti dá, sájẹ́ǹtì nìkan padà wá bá Àdìgún. Ó ní kó wé ọ̀kan fún òun wò. Àdìgún wé e. Sájẹ́ǹtì wò ó títí, ó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó tú u, ó sì tún un wé láìwo ọwọ́ ara rẹ̀. "Ọ̀tún ni wọ́n ń kì í bọ̀," ló wí. "Ọ̀tún ni ìyá mi ń kì í bọ̀." Àdìgún wò ó lójú fún ìgbà àkọ́kọ́ nínú eré náà. Lẹ́yìn náà ló wá dọ̀bálẹ̀: "Ẹ̀gbọ́n, abà wo ni ti yín?"

Òṣèré gbọ́dọ̀ mọ òṣùká wé ní ti gidi, kí àpótí sì wúwo. Mo ti rí ẹgbẹ́ kan tó lo páálí òfìfo. Afẹ́fẹ́ fáànù gbé e lọ.

Àyẹ̀wò: ẹ jẹ́ kí ìyá àgbà wo òṣùká yẹn. Bó bá dìde wá tún un ṣe, ẹ gbà, kẹ́ ẹ fi ọ̀sẹ̀ kan sí i kọ́ ọ.

Ìpele 7: Ẹ kọ́ páréèdì dáadáa kẹ́ ẹ tó bà á jẹ́

Bí gbogbo ẹgbẹ́ bá ń yan gbágungbàgun, ta ló máa mọ̀ pé Àdìgún ló ṣì í? Ṣójà tó ti fẹ̀yìn tì yẹn ni kó kọ́ àwọn mẹ́ta tó kù: ẹsẹ̀ òsì ló ń ṣíwájú, ìbọn wà léjìká òsì, ìṣísẹ̀ á tó bí 120 láàárín ìṣẹ́jú kan. Ẹ lu ìlù tàbí ago fóònù láti fi ṣọ́ ọ. Àdìgún náà gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n pé kó tó di pé ó ń ṣì í, torí ẹni tó mọ ibi tó yẹ kí ẹsẹ̀ wà ló lè fi falẹ̀ bó ṣe yẹ.

Àyẹ̀wò: ẹ fi fóònù ya ìdánrawò, ẹ pa ohùn rẹ̀, kẹ́ ẹ wò ó. Bí ẹni tí kò sí níbẹ̀ bá lè nàka sí Àdìgún láàárín ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, ó ti dáa.

Ìpele 8: Ẹni méje, pẹ́ńsùlù kan

Ẹ pe ẹni méje kẹ́ ẹ tó pe ìlú. Kí ṣójà yẹn wà níbẹ̀, kí ìyá àgbà wà níbẹ̀, kí ọmọ kékeré kan tí kì í lè jókòó pẹ́ náà wà níbẹ̀. Kí ẹnì kan jókòó lẹ́yìn pẹ̀lú ìwé eré, kó má wo orí ìtàgé rárá, etí ni kó fi máa gbọ́. Ibi tí wọ́n bá ti rẹ́rìn-ín, kó fa ìlà sábẹ́ rẹ̀. Ibi tí ọmọ náà bá ti dìde, kó sàmì òdo.

Òdo méjì tó tẹ̀ lé ara wọn, ẹ gé ohun tó wà láàárín wọn. Ibi tí ṣójà nìkan bá ti rẹ́rìn-ín, ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀: àwàdà bárékè ni, àwọn tó mọ̀ ọ́n á gbádùn rẹ̀. Ibi tí ìyá àgbà ò bá ti rẹ́rìn-ín rárá, tó jẹ́ pé ṣe ló sọ pé "ọmọ tó dáa ni," ẹ má fọwọ́ kan ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀.